Bí a ṣe ń yan mọ́nítọ̀ ńlá fún ojú tó ti ń dàgbà

Ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún tó sì ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ á mọ nǹkan tí mò ń sọ. Lẹ́tà tó hàn kedere lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, èèyàn á wá máa na ọrùn síwájú, á máa fún ojú pọ̀, nígbà tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọrùn á ti gan, orí á ti máa fọ́. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, àwọn akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn tó ń tẹ iṣẹ́ ní bìsínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, wọ́n máa ń bi mí pé mọ́nítọ̀ wo ni káwọn rà, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún wọn ni pé lẹ́tà ńlá lojú yín ń wá o, kì í ṣe páálí ńlá. Mọ́nítọ̀ lè gba gbogbo orí tábìlì kí lẹ́tà inú ẹ̀ tún kéré ju ti èyí tẹ́ ẹ ní nílé lọ. Ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ojú wò

Kẹ́ ẹ tó tú owó, ẹ lọ yẹ ojú wò ná. Tí èèyàn bá ti ń sún mọ́ ogójì ọdún, lẹ́ńsì inú ojú tó máa ń yí ara ẹ̀ padà ká lè rí nǹkan tó sún mọ́ wa á ti máa le, kò ní rọ̀ bíi tàtijọ́ mọ́. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn, kò sẹ́ni tí kì í ṣe, mọ́nítọ̀ ńlá sì lè bá yín ṣèrànwọ́ lórí ẹ̀. Àmọ́ mọ́nítọ̀ ò lè ṣe nǹkan kan sí àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma. Glaucoma kì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibi téèyàn ń rí ló máa ń jẹ díẹ̀díẹ̀, ibi tó bá sì ti jẹ ò ní padà mọ́, ó sì pọ̀ láàárín àwa èèyàn dúdú ju àwọn òyìnbó lọ. Torí náà ẹ má sọ pé ọjọ́ orí ni láìjẹ́ kí dókítà wò ó. OAUTHC, ìyẹn ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, ní ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú ojú, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Iléṣà, Wesley Guild wà lọ́dọ̀ yín, abẹ́ OAUTHC kan náà ló wà.

Nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú dání lọ. Ẹ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà bẹ́ ẹ ṣe máa ń jókòó gan-an, kí ẹnì kan fi téèpù wọn àlàfo tó wà láàárín ojú yín àti sikiríìnì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ sọ iye yẹn fún ẹni tó ń yẹ ojú yín wò. Ìdí ni pé awò ìkàwé tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún àgbà, nǹkan bí 40 sẹ̀ǹtímítà ló wà fún, bá a ṣe ń di Bíbélì tàbí Kùránì mú lọ́wọ́ nìyẹn, mọ́nítọ̀ sì máa ń wà ní bíi 60 sí 70. Awò yẹn ò ní mú un. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé awò tó bá 60 mu nìkan ni wọ́n nílò, wọn ò nílò mọ́nítọ̀ kankan, inú mi sì máa ń dùn tówó wọn bá dúró sápò.

Ẹ wọn lẹ́tà tí ojú yín lè kà

Ẹ ṣe èyí ní ìrọ̀lẹ́ tí ojú ti rẹ̀, ẹ má ṣe é láàárọ̀, torí ojú àárọ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Ẹ ṣí Word, ẹ tẹ gbólóhùn mélòó kan ní Yorùbá, kẹ́ ẹ sì fi àmì sí i dáadáa, torí àmì orí àti àmì ìdí lẹ́tà ló máa ń kọ́kọ́ pòórá lójú àgbà, àmì ìdí ọ lè kéré gan-an lórí sikiríìnì kékeré. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ má na ọrùn. Ẹ wá di Ctrl mú, kẹ́ ẹ máa yí táyà àárín máòsì síwájú, kí lẹ́tà máa tóbi títí ẹ fi máa lè fìyàtọ̀ sáàárín ọ̀ àti ọ́ láìfún ojú pọ̀. Níwọ̀n ìgbà tó bá ti rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ dúró. Ẹ wo ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, Word á kọ iye tó jẹ́ síbẹ̀, ó lè jẹ́ 130%, ó lè jẹ́ 170%. Ẹ tún fi rúlà wọn gíga lẹ́tà H ńlá kan lójú sikiríìnì yẹn, ẹ kọ ọ́ sínú bébà kan náà. Bébà yẹn lẹ máa mú lọ sọ́jà.

Ínṣì àti pixel

Ibí ló ṣe pàtàkì jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á. Sikiríìnì ń gbé àwòrán jáde pẹ̀lú àwọn àmì tín-ín-tín tí wọ́n ń pè ní pixel, wọ́n tò wọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n sín sínú okùn. Tí iye ìlẹ̀kẹ̀ ò bá yí padà tí okùn wá gùn sí i, á jẹ́ pé ìlẹ̀kẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló tóbi. Tí okùn bá gùn tí ìlẹ̀kẹ̀ náà tún pọ̀ gan-an, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè kéré ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Tí scale, ìyẹn sẹ́tíǹgì tó ń mú kí nǹkan ojú sikiríìnì tóbi, bá wà ní 100%, iye pixel ni Windows fi ń ṣe lẹ́tà, ohun tó ń tan èèyàn nídìí ínṣì nìyẹn.

Ẹ wò ó. Mọ́nítọ̀ 19 ínṣì tijọ́ tí kò fẹ̀ yẹn, tó kún ọ́fíìsì nígbà kan, 1280 × 1024 ni, ìyẹn pixel 1280 ní fífẹ̀ àti 1024 ní gíga, pixel bíi 86 ló wà nínú ínṣì kan. Tẹ́ ẹ bá gbé e kúrò tẹ́ ẹ wá gbé 24 ínṣì tó jẹ́ 1920 × 1080 síbẹ̀, 92 ló máa wà nínú ínṣì kan. Lẹ́tà ti kéré sí i nìyẹn o, lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti náwó tán. Tó bá wá jẹ́ 27 ínṣì lẹ gbé, tó ṣì jẹ́ 1920 × 1080, 82 ni, lẹ́tà á tóbi díẹ̀. 27 ínṣì tó jẹ́ 2560 × 1440 ń kọ́, 109. Tó bá jẹ́ 4K, ìyẹn 3840 × 2160, 163, ẹ ò ní rí nǹkan kan kà níbẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá fi sẹ́tíǹgì fẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń lo láptọ́ọ̀pù 15.6 ínṣì tó jẹ́ 1920 × 1080, 141 ló ń bá fà á lójoojúmọ́, tó bá so ó mọ́ 27 ínṣì tó jẹ́ 1920 × 1080 tí sẹ́tíǹgì méjèèjì wà ní 100%, lẹ́tà tó jẹ́ mílímítà méjì tẹ́lẹ̀ á di nǹkan bíi mẹ́ta àtààbọ̀, ìyàtọ̀ tójú máa rí lójú ẹsẹ̀ nìyẹn.

Gíga náà wà ńbẹ̀, àwọn tó ń tajà kì í sì í sábà sọ ọ́. Ínṣì tí wọ́n kọ sára páálí, láti igun òkè apá kan dé igun ìsàlẹ̀ apá kejì ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. 24 ínṣì òde òní ga tó 30 sẹ̀ǹtímítà, 19 tijọ́ yẹn náà ga tó 30, fífẹ̀ nìkan ló fi jù ú. 22 ínṣì tiẹ̀ relẹ̀ sí i, 27 sẹ̀ǹtímítà péré. Bébà A4 sì ga ní 29.7. Ẹni tó ń tẹ lẹ́tà, ìwé ìpàdé, iṣẹ́ àwọn sítúdẹ́ǹtì, gíga ló máa jàǹfààní ẹ̀, 27 ínṣì sì ga tó 33.6, ojú ewé kan máa ń fẹ́ẹ̀ẹ́ yọ tán síbẹ̀ ní ìwọ̀n tó wà lórí bébà.

Tèmi ni pé, fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ìwé kíkà àti títẹ̀, 27 ínṣì tó jẹ́ 1920 × 1080 ti tó. Ẹni tó bá lówó díẹ̀ sí i, kó gba 2560 × 1440, kó wá fi scale sí 125%, lẹ́tà á tóbi tó ti 19 tijọ́ á sì mọ́ jù ú lọ fíìfíì, èyí ni mo fẹ́ràn jù. 32 ínṣì tó jẹ́ 1920 × 1080, etí lẹ́tà á ti máa rí págunpàgun téèyàn bá jókòó tì í, ṣùgbọ́n ẹni tójú ẹ̀ ti rẹ̀ gan-an lè má bìkítà, lẹ́tà ńlá ló ń wá. Tẹlifíṣọ̀n ń kọ́? Ó lè ṣiṣẹ́, àmọ́ ọ̀pọ̀ 32 ínṣì olówó pọ́ọ́kú ló jẹ́ 1366 × 768, ó sì máa ń gé etí sikiríìnì dànù àfi tẹ́ ẹ bá wá inú sẹ́tíǹgì ẹ̀ lọ, n kì í gba àgbà nímọ̀ràn ẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yín

Èyí ò pẹ́. Ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà yín sórí fóònù. Ihò aláwọ̀ búlúù tó ní ihò wẹ́wẹ́ 15, VGA nìyẹn, ó ti dàgbà, lẹ́tà lè má mọ́ tó lórí ẹ̀ tí wáyà bá gùn. HDMI tàbí DisplayPort ló dáa. Tó bá jẹ́ VGA nìkan lẹ ní, ẹ rí i dájú pé mọ́nítọ̀ tẹ́ ẹ fẹ́ rà ní ihò VGA, torí ọ̀pọ̀ tuntun ò ní in mọ́.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù

Yálà Lagere lẹ lọ ní Ifẹ̀ níbí ni o, àbí Mayfair, ẹ má sanwó fún mọ́nítọ̀ tí ò tíì tàn. Ẹni tó ń tà á á sọ pé "Màmá, ó dáa o, tòkunbọ̀ gidi ni," ẹ dá a lóhùn pé "Mo gbà bẹ́ẹ̀ ọmọ mi, bá mi tàn án." Kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí ọmọ kan bá yín fi àwòrán márùn-ún sínú fláàṣì: funfun lásán, dúdú lásán, pupa, búlúù, àwọ̀ ewé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣí i kó gba gbogbo sikiríìnì níkọ̀ọ̀kan. Lójú funfun lẹ ti máa rí àmì dúdú tó ti kú àti ibi tó ti ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, lójú dúdú lẹ ti máa rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jò. Ẹ jẹ́ kó wà ní títàn bí ogún ìṣẹ́jú, ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀ lọ, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá gbóná ni ìlà máa ń yọ. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kù pátápátá kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń ṣẹ́jú pàkápàká, èyí tó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, orí á máa fọ́ yín nídìí ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá mú bébà yín jáde. Kí wọ́n ṣí Word, kẹ́ ẹ fi rúlà wọn H yẹn, kẹ́ ẹ wò ó ní ìwọ̀n téèpù tẹ́ ẹ wọ̀n nílé. Ẹ má tijú, owó yín ni. Ẹ tún wo ẹ̀yìn ẹ̀, sitíkà ibẹ̀ máa ń ní ọdún tí wọ́n ṣe é, tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ jù, iná inú ẹ̀ ti ń kú lọ. Ojú tí kì í dán gbinrin ni kẹ́ ẹ mú, èyí tó ń dán á máa gbé wíńdò àti aṣọ yín padà fún yín. Kí ẹsẹ̀ ẹ̀ sì lè lọ sókè sódò. Tẹ́ ẹ bá ń gbé e lọ sílé, kó wà ní ìdúró, ẹ má dojú ẹ̀ dé, ẹ má sì gbé e sórí ọ̀kadà.

Sísopọ̀ àti sẹ́tíǹgì

Ẹ pa méjèèjì kẹ́ ẹ tó ki wáyà bọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹ tẹ Windows pọ̀ mọ́ P, ẹ yan "Second screen only", sikiríìnì kékeré á kú, ti ńlá á gbà á. Ẹ wá lọ sí Settings, System, Display. Níbi resolution, ìyẹn iye pixel, èyí tí wọ́n kọ "Recommended" sí ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fà á wálẹ̀ kí lẹ́tà lè tóbi, lẹ́tà á tóbi lóòótọ́ àmọ́ á ṣú, ojú á tún wá máa tiraka. Scale ni kẹ́ ẹ gbé sókè, 125% tàbí 150%. Tó bá jẹ́ lẹ́tà nìkan lẹ fẹ́ kó tóbi, Windows 11 ní Text size lábẹ́ Accessibility, tó lè dé 225%, lórí Windows 10, abẹ́ Ease of Access ló wà. Ẹ tún tẹ "ClearType" síbi tí wọ́n ti ń wá nǹkan, á máa fi lẹ́tà hàn yín kẹ́ ẹ yan èyí tó mọ́ jù, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ yàn án, kì í ṣe ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún tó bá yín tò ó.

Ìmọ́lẹ̀ tí wọ́n fi ń kó wọn jáde ní kọ́ńpìnnì máa ń pọ̀ jù. Ẹ gbé bébà funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ sikiríìnì, ẹ dín in kù títí méjèèjì á fi jọra.

Ibi tó máa wà

Kí wíńdò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kó má wà lẹ́yìn yín, kó má sì wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀. Òkè sikiríìnì ò gbọ́dọ̀ ga ju ojú lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo awò alápá méjì, tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ jẹ́ ti ìkàwé, ẹ tún rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ jùyẹn lọ kẹ́ ẹ sì dà á sẹ́yìn díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa gbé àgbọ̀n sókè látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọrùn á sì gbà á.

Ní ti iná, 24 sí 27 ínṣì tó jẹ́ LED kì í sábà ju 20 sí 35 wáàtì lọ, íńfátà kékeré lè gbé e. Àmọ́ ẹ lo sitabiláísà, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ lára iná tí NEPA bá mú un lọ, torí ìgbà tó bá padà dé ló máa ń ba nǹkan jẹ́.

Tójú bá wá ń gbẹ tó ń ta yín, pàápàá nígbà ọyẹ́, ẹ rántí pé ẹni tó bá tẹjú mọ́ sikiríìnì kì í ṣẹ́jú tó bó ṣe yẹ. Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú, ẹ wo nǹkan tó jìnnà bíi mítà mẹ́fà fún ogún sẹ́kọ́ńdì, ẹ ṣẹ́jú dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ra oògùn ojú ní kẹ́míìsì torí pé ó ṣiṣẹ́ fún aládùúgbò yín, àwọn kan nínú ẹ̀ ní steroid, téèyàn bá ń kán an léraléra, ó lè mú kí ìfúnpá inú ojú ga kó sì fa glaucoma. Dókítà ojú ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá.