Ẹ má fi mọ́tò sí fírì lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Èkìtì o: bí bíréèkì ṣe ń dá iná padà sínú bátìrì

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ra tòkunbọ̀ tó ń lo epo tó sì tún ṣeé ṣájì nílé, àwọn Prius Prime, Chevrolet Volt, Outlander PHEV àti irú wọn, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gan-an, pàápàá tó bá jẹ́ pé Èkìtì níbí lẹ ti ń wà á. Àṣà kan ti mọ́ àwa awakọ̀ lára: tá a bá ti gun òkè dé orí, tó wá ku ká sọ̀ kalẹ̀, a ó yọ jíà sí fírì (N), a ní a fẹ́ ṣọ́ epo jẹ. Nínú mọ́tò tí mò ń sọ yìí, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣọ́ gan-an lẹ̀ ń dà nù yẹn.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rèé. Ẹ̀rọ iná tó ń yí táyà, òun kan náà ló ń di jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí asẹlérétọ̀ tàbí tẹ́ ẹ rọra tẹ bíréèkì, táyà ló wá ń yí òun báyìí, iná tó ń ṣe ń wọ bátìrì lọ, bó sì ṣe ń ṣe é náà ni mọ́tò ń dín eré kù. Mọ́tò elépo lásán, páàdì bíréèkì ló máa sọ gbogbo agbára yẹn di ooru, atẹ́gùn á gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá fi sí fírì, ẹ̀rọ iná yẹn ò ní ṣe nǹkan kan, páàdì nìkan ló kù tó máa dá mọ́tò dúró, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn sì lè mú un gbóná débi tí bíréèkì ò ní mú dáadáa mọ́. Ewu gidi nìyẹn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ epo nìkan.

Torí náà, ẹ fi jíà sílẹ̀ ní D. Tí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bá le, bí ìgbà téèyàn ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, ẹ fi Prius Prime sí B, ẹ fi Volt sí L, ti Outlander ní ohun tí wọ́n ń fi ìka fà lẹ́yìn sítíárìn, láti B0 dé B5, bí nọ́ńbà bá ṣe ń ga ló ṣe ń dá mọ́tò dúró tó, ló sì ṣe ń kó iná wọlé tó. Ẹ wo dáṣíbọ́ọ̀dù: nínú Toyota, ibi tí wọ́n kọ CHG sí ni kí ẹ máa wò, tẹ́ ẹ bá rọra tẹ bíréèkì, ọ̀pá á wọ ibẹ̀, á máa kún díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti kún dé òpin tẹ́ ẹ ṣì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, páàdì ló ń jẹ ìyókù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ síí tẹ̀ ẹ́ láti òkèèrè, kó gùn, kó rọ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan bi mí pé ṣé téèyàn bá ń gun òkè tó ń sọ̀ lójoojúmọ́, kò ní ra epo mọ́ nìyẹn? Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Mọ́tò tó wúwo tó 1,600 kìlógíráàmù, tó sọ̀ kalẹ̀ láti ibi tó fi mítà 100 ga, agbára tó wà níbẹ̀ jẹ́ bíi 0.44 yúníìtì, yúníìtì kan náà tí à ń rà sí mítà ilé. Táyà àti atẹ́gùn á jẹ níbẹ̀, ẹ̀rọ á jẹ níbẹ̀, bátìrì náà á jẹ níbẹ̀. Ká ní ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún ló padà wọlé, kò ju kí mọ́tò fi rin kìlómítà kan ààbọ̀ sí méjì lọ. Ohun tẹ́ ẹ ná láti gun òkè yẹn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Prius Prime ti 2017, bátìrì ẹ̀ jẹ́ yúníìtì 8.8, wọ́n sì kà á sí bíi kìlómítà 40 lórí iná nìkan, ẹ fi wé e. Ó ń fi kún un lóòótọ́, àmọ́ ṣájì ilé ló ni iṣẹ́.

Àárín ìlú ló ti ń hàn jù. Láti Fájuyì wọ Òkèṣà l'Adó-Èkìtì, ká dúró, ká lọ, kẹ̀kẹ́ já wọ iwájú, ọ̀kadà ń bọ̀, gbogbo ìdúró yẹn ni mọ́tò elépo ń fi ṣòfò. Láti 60 km/h sí ìdúró, iná tó ń padà tó kí ẹ rin bíi 200 mítà, díẹ̀díẹ̀ ni, àmọ́ ó ń pọ̀. Nítorí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń ti Àkúrẹ́ bọ̀, ẹ lo HV (kí epo àti iná jọ máa ṣiṣẹ́) lójú títì, kí ẹ fi EV (iná nìkan) pamọ́ de ìlú. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá rí i pé iwájú máa dúró, ẹ tètè gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ jẹ́ kó máa yí lọ fúnra ẹ̀, torí iná téèyàn ò ná rárá sàn ju èyí téèyàn ná tó gba àbọ̀ ẹ̀ padà.

Ẹ̀yin tílé yín wà lórí òkè, ẹ fetí sí èyí. Tẹ́ ẹ bá ṣájì bátìrì kún bámúbámú, tẹ́ ẹ jáde tó jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lẹ kọ́kọ́ bá, kò sáyè tí iná tuntun máa wọ̀. Prius á wá yí ẹ́ńjìnnì láti fi dá mọ́tò dúró, ẹ̀ẹ́ gbọ́ ariwo ẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ tẹ nǹkan, ẹ má gbé e lọ bá mẹkáníìkì, kò bàjẹ́. Ẹ kàn máa yọ wáyà kó tó kún tán.

Ojú ọ̀nà tó ní kòtò ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá ń tẹ bíréèkì tí táyà fò nínú kòtò tàbí tó yọ̀, mọ́tò á dá kíkó iná dúró lójijì, á ṣe bí ẹni pé ó fẹ́ fò síwájú. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má gbẹ́sẹ̀ kúrò, ẹ tẹ̀ ẹ́ sí i, páàdì á gbà á.

Páàdì yẹn kì í tètè jẹ tán, ṣùgbọ́n torí pé kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, dísìkì irin tí páàdì ń dì mú máa ń dípẹtà lásìkò òjò. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, níbi tí ò sẹ́ni lẹ́yìn yín, ẹ fi sí fírì lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ tẹ bíréèkì dáadáa títí tó máa fi dúró, kó ha ìpẹtà yẹn kúrò. Ibi tí fírì ti wúlò nìyẹn.