Bí mo ṣe ṣe awọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn fi ń kọ́ bí a ṣe ń rán ọgbẹ́

Ẹsẹ̀ ewúrẹ́ dára fún kíkọ́ bí a ṣe ń rán ọgbẹ́, àmọ́ bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì ní Ṣágámù, òórùn rẹ̀ yóò lé gbogbo ará ilé jáde. Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Wọ́n ti sun ún, wọ́n ti sè é. Títẹ̀ ló ń tẹ abẹ́rẹ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe awọ onípele mẹ́ta (awọ òkè, ọ̀rá, ẹran), sẹ̀ǹtímítà 15 ní gígùn, 10 ní ìbú.

Rọ́bà sílíkónì olómi àti hádínà rẹ̀ (èyí tó ń mú kó dì) ni mo rà, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe mọ́ọ̀dù máa ń lò. Mo gba fóòmù aláwọ̀ ìyeyè, sẹ̀ǹtímítà 1, lọ́wọ́ àwọn tó ń rán àga, kó dúró fún ọ̀rá. Mo tẹ́ ègé awọ bàtà sí ìsàlẹ̀ mọ́ọ̀dù, mo fi bàsìlíìnì pa á lójú fẹ́ẹ́rẹ́, kí ojú rọ́bà lè rí bí ara ènìyàn. Orí díńgí kò dára: yóò dán jù, abẹ́rẹ́ á sì máa yọ̀.

Fún awọ òkè, tó nípọn mílímítà 2, gíráàmù 35 rọ́bà ló tó. Hádínà tèmi jẹ́ 3 nínú 100 (ẹ ka ara ike tiyín), ìyẹn bíi gíráàmù 1. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná kò lè wọn èyí dáadáa, síríńjì mílílítà 2 ni mo fi fà á. Bó bá pọ̀ jù nínú ooru ọ̀sán, yóò dì mọ́ yín lọ́wọ́. Àárọ̀ kùtù ni mo ṣe tèmi. Ẹ ha ìdí ife bí ẹ ṣe ń rò ó, torí ibi tí hádínà kò bá dé kò ní dì.

Ibi nẹ́ẹ̀tì tí mo fi sí àárín rọ́bà awọ òkè gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí kò bá sí nẹ́ẹ̀tì, òwú yóò gé rọ́bà bí okùn ṣe ń gé ọṣẹ. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì le jù, kì í ya, awọ tí kì í ya sì ń tan akẹ́kọ̀ọ́ jẹ, torí ara aláìsàn á ya. Nẹ́ẹ̀tì ìborí ìyàwó, irú tí wọ́n ń tà ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló ṣe é: ẹni tó gún abẹ́rẹ́ sí mílímítà 5 sí etí ọgbẹ́, òwú rẹ̀ yóò dúró; ẹni tó gún un sí mílímítà 2, yóò ya mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo da ìdajì rọ́bà, mo tẹ́ nẹ́ẹ̀tì lé e, mo fi ìka lé afẹ́fẹ́ abẹ́ rẹ̀ jáde, mo da ìyókù.

Ẹ má sáré gbé fóòmù lé e o. Bí rọ́bà bá ṣì ń ṣàn, fóòmù yóò mu ún, ọ̀rá á le gbandi. Mo dúró títí ó fi ń lẹ̀ mọ́ ìka láìjẹ́ pé nǹkan kan tẹ̀lé ìka. Ẹran abẹ́ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 70 rọ́bà pupa, mílímítà 4, nínú mọ́ọ̀dù mìíràn. Bákan náà ni mo ṣe lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn fóòmù.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi í bo ìlàjì páìpù ínǹṣì 4, mo so etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ lórí tábìlì, ọgbẹ́ kì í yanu. Lórí páìpù, bí abẹ nọ́mbà 15, abẹ kékeré tí dókítà fi ń gé awọ, ṣe kọjá ní òòró ni ètè méjèèjì yà, fóòmù yọjú. Òwú náílọ́ọ̀nù 3-0 (nọ́mbà yìí ń sọ bí òwú ṣe nípọn tó) ni mo fi rán an, mílímítà 5 síra. Kókó kẹta ni mo mọ̀ọ́mọ̀ fún jù, ó sì fà á ya bó ṣe yẹ kó ya.