Bí a ṣe ń fi omi gúlúkóòsì ṣan ẹnu nígbà tí a bá ń gbé irin

Ẹni tó bá ń lọ sí jíìmù ní kùtùkùtù, láì tíì fi nǹkan kan ẹnu, mọ bó ṣe máa ń rí: sẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n kó tó di ẹ̀kẹta, irin kan náà á ti wúwo bí òkúta. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀nà yìí wà fún.

Ẹ ò ní gbé omi náà mì. Ẹnu ló ń ta ọpọlọ lólobó pé oúnjẹ ti dé, tí ọpọlọ á sì tú ọwọ́ iṣan sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Kì í ṣe adùn ló ń ṣe é o. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí Chambers, Bridge àti Jones yẹ ọpọlọ wò ní 2009, gúlúkóòsì àti maltodextrin, ìyẹ̀fun afúnnilágbára tí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ dùn rárá, ta àwọn ibì kan jí tí saccharin, adùn àtọwọ́dá tí kò ní ṣúgà, kò lè ta jí. Nítorí náà, mínírà tí kò ní ṣúgà kò wúlò níbí.

Ẹ wọn gúlúkóòsì oníyẹ̀fun 32 gíráàmù lórí òṣùwọ̀n, kí ẹ pò ó mọ́ omi 50cl. Ẹ má fojú ṣíbí wò ó: ṣíbí tó kún kọjá etí lè fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìlọ́po méjì èyí tó tẹ́jú. Òwúrọ̀ tí ẹ máa lò ó ni kí ẹ pò ó. Tó bá sùn mọ́jú nínú ooru, á kan.

Ife kékeré tó máa ń bá òògùn ikọ́ wá ló dára jù fún wíwọ̀n, torí ìlà wà lára rẹ̀. 25 mílílítà ni fún ẹ̀ẹ̀kan. Lẹ́yìn sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí èémí yín balẹ̀ ná. Ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tó gba omi sẹ́nu, ó lè sá sí i lọ́nà ọ̀fun. Tó bá ku bí 30 ìṣẹ́jú-àáyá kí ẹ tún gbé irin, ẹ gba omi náà, ẹ yí i láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan sí èkejì àti lábẹ́ ahọ́n, kí ẹ rọra ka 10, kí ẹ tó tu ú sínú ike. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í kà ju 3 lọ tí wọ́n fi ń tu ú, wọ́n á wá ní kò ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀tì 16 máa gba 400 mílílítà. Tí ẹ bá parí, ẹ fi omi lásán ṣan ẹnu dáadáa, nítorí eyín.

Ẹ má retí pé kílò tí ẹ lè gbé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa pọ̀ sí i. Ẹnu àwọn ìwádìí kò kò lórí irin gbígbé: èyí tó jáde ní 2011 lórí bench press, ìyẹn fífẹ̀yìn lélẹ̀ ti irin sókè, kò rí ìyàtọ̀ kankan, àwọn mìíràn sì rí i pé iye ìgbà tí ènìyàn lè gbé irin pọ̀ sí i. Ẹni tó ti jẹun yó kò ní rí nǹkan gidi níbẹ̀.

Omi yìí kì í ṣe oúnjẹ. Tí òòyì bá kọ́ yín, pàápàá ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì, ẹ gbé irin sílẹ̀, kí ẹ mu gúlúkóòsì náà sínú. Aláàwẹ̀ kó bi àfáà rẹ̀ kó tó gbà á sẹ́nu.

Ẹ dán an wò báyìí: kí ẹlòmíràn po ìgò méjì, ọ̀kan gúlúkóòsì, ìkejì saccharin tó dùn bákan náà, kó má sọ èwo ni èwo. Ẹ lo ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ méjì-méjì, ìwọ̀n irin kan náà, wákàtí kan náà, kí ẹ máa kọ iye tí ẹ gbé sílẹ̀. Tí iye náà bá dọ́gba, ẹ yáa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan kí ẹ tó kúrò nílé.