Àṣìṣe Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Tó Fẹ́ Kí Ara Tu Aláìsàn

Ọdọọdún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ wọ́ọ̀dù máa ń dáwó jọ láti ran aláìsàn lọ́wọ́. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni mí, ojú mi ló ń ṣe, ibi tí owó náà ń bá lọ sì ń dùn mí.

Èkíní, ẹ má fi owó tẹ báńnà àti ẹ̀wù ẹgbẹ́. Wọ́ọ̀dù tí kò ní aṣọ ìkélé tó ni ẹ ń gbé báńnà wá.

Èkejì, ẹ má pín ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti bísíkíìtì láìbéèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Alátọ̀gbẹ wà níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wà níbẹ̀, tí a ti ní kó má fi nǹkan kan kanu. Tí wọ́n bá fún un ní oògùn akunnilóorun, ohun tó wà níkùn rẹ̀ lè gòkè wá kó sì bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Mo ti rí bàbá kan tí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ rẹ̀ síwájú nítorí irú ìgò bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti sanwó, tí wọ́n ti wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má gbé fọ́tò aláìsàn sórí Facebook. Òfin Ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 ní àṣírí ni ọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbàtọ́jú.

Èyí tó ń bí mi nínú jù lọ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ ó rọ̀gbà yí bẹ́ẹ̀dì ká, ọ̀gá dókítà á máa bi yín ní ìbéèrè, ẹ ó máa fi Gẹ̀ẹ́sì dáhùn, ẹni tó dùbúlẹ̀ á máa wo ẹnu yín. Màmá kan gbọ́ “kánsà” lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ kan lówùúrọ̀. Ọgbẹ́ inú là ń tọ́jú. Ọmọ náà kàn ń ka àwọn àrùn tó fara jọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀ ni. Nígbà tó dalẹ́, mo bá màmá tó ti di ẹrù rẹ̀. Ó ní ká jẹ́ kí òun lọ kú sílé, kí owó ọmọ òun má bàa ṣòfò. Òfin 2014 yẹn kan náà ní ká fi èdè tó yé aláìsàn bá a sọ̀rọ̀. Kí ló dé tí ẹnì kan nínú yín kò padà lọ bá a? Ẹ jókòó tì í. Ẹ kí i, ẹ sọ orúkọ yín, ẹ bi í pé, “Màmá, kí lẹ gbọ́ níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀? Kí ló ń bà yín lẹ́rù?” Ohun tí kò bá yé yín, ẹ pe dókítà. Ẹ má sọ ohun tí àyẹ̀wò kò tíì sọ.

Sísọ orúkọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Dókítà ni olóògbé Kate Granger nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, jẹjẹrẹ sì bá a jà. Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ló ti rí i lọ́dún 2013 pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń tọ́jú òun kì í sọ orúkọ wọn, ló bá bẹ̀rẹ̀ ìpolongo lórí rẹ̀.

Ẹ má pe èèyàn ní “bẹ́ẹ̀dì keje”.

Ẹ má sì fi ọmọ kékeré ṣe ògbufọ̀ fún ìyá rẹ̀.

Tí owó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹ bi nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ohun tí wọ́ọ̀dù kò ní: aṣọ ìkélé ni o, àga ni o, ẹní fún àwọn ẹbí tó ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni o. Tí kò bá sí owó, ẹ mú arúgbó kan láti ibi káàdì dé ibi ìsanwó, kí ẹ sì bá a dé láàbù.