Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Serotonin àti Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé serotonin, èròjà kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, dà bí omi inú ìkòkò: bí ó bá fà, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dé, bí a bá bu kún un, ara yá. Ẹ má ṣe rò ó bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1952, ní ilé ìwòsàn Sea View ní New York, wọ́n ń fi iproniazid tọ́jú àwọn tí ó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ, inú àwọn aláìsàn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í dùn lọ́nà tí ó ya àwọn dókítà lẹ́nu. Nígbà tí ó hàn pé oògùn náà kì í jẹ́ kí serotonin àti àwọn èròjà bíi tirẹ̀ tètè túká, ni àwọn onímọ̀ bá ti ìdí oògùn ronú padà sí ìdí àìsàn: wọ́n ní àìtó àwọn èròjà náà ni ó ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì. Ní ọdún 2022, Joanna Moncrieff, dókítà àìsàn ọpọlọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ọ̀pọ̀ ìwádìí yẹ̀ wò, wọn kò sì rí ẹ̀rí tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ pé àìtó serotonin ni ó ń fa ìrẹ̀wẹ̀sì. Èyí kò sọ pé oògùn kò wúlò o.

Ẹ má ṣe náwó lórí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ láti wá serotonin ọpọlọ. Nǹkan bí 90 nínú 100 serotonin ara wa ni ó wà nínú ìfun, èyí tí ó sì wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í kọjá sínú ọpọlọ. Ìdí nìyí tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tí serotonin wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, kò fi lè wo ìrẹ̀wẹ̀sì, bí ó ti wù kí ó dùn tó.

Èyí tí mo kà sí eléwu jù ni kí aláìsàn fúnra rẹ̀ dá oògùn dúró. Àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì bíi fluoxetine àti sertraline a máa kan serotonin láàárín wákàtí díẹ̀, àmọ́ ara kì í sábà fúyẹ́ títí di ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, nígbà mìíràn mẹ́fà. Kí ó tó dìgbà náà, èébì lè máa gbé e, oorun sì lè dá lójú rẹ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, yóò wo páálí oògùn tí ó ṣì kún, yóò ní kò ṣiṣẹ́, yóò sì tì í sábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Ẹlòmíràn ti gbádùn fún oṣù mélòó kan kí ó tó pa á tì lójijì. Ni òyì bá ń kọ́ ọ, tí orí rẹ̀ ń ta gìrì bí ẹni tí iná mànàmáná gbé. Dókítà ni ó yẹ kí ó bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Ẹ má ṣe fi tramadol, oògùn ìrora, kún oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì láìsọ fún dókítà, nítorí serotonin lè pọ̀ ní àpọ̀jù: ara á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, àyà á máa sáré, ọ̀ràn pàjáwìrì sì ni. Bákan náà, ẹni tí ó ti ní ìgbà kan rí tí kì í sùn tí kò sì rẹ̀ ẹ́, tí ó ń náwó ní ìná-àpà, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí wọ́n tó kọ oògùn fún un, nítorí oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì nìkan lè tì í padà sí irú àsìkò bẹ́ẹ̀.