Ìṣírò Å àti nánómítà: ibi tí àṣìṣe máa ń gbà wọlé

Ìbéèrè: Mo fẹ́ ṣírò igun tí ìtànṣán X-ray yóò gbà ta padà lára kírísítálì iyọ̀. Mo lo òfin Bragg, nλ = 2d sin θ (n jẹ́ nọ́ńbà odidi, λ jẹ́ gígùn ìgbì, d jẹ́ àlàfo láàárín ìpele átọ́ọ̀mù, θ jẹ́ igun náà); mo fi 1 sí ipò n, 1.54 sí ipò λ, 0.282 sí ipò d, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìṣírò mi kọ̀ láti fún mi ní igun kankan. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ yín. Angstrom (Å) ni wọ́n fi wọn 1.54, tó jẹ́ gígùn ìgbì ìtànṣán tó ń ti ara bàbà jáde, nígbà tó jẹ́ pé nánómítà ni wọ́n fi wọn 0.282, àlàfo tó wà láàárín ìpele átọ́ọ̀mù kan sí èkejì nínú iyọ̀. Ìwọ̀n gígùn ni àwọn méjèèjì: nánómítà 1 jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà, Å 10 ló sì wà nínú rẹ̀. Bí ẹ ṣe kọ wọ́n yẹn, sin θ di 2.73, kò sì sí igun tí sin rẹ̀ lè ju 1 lọ. Ẹ sọ 1.54 Å di nánómítà 0.154, ẹ fi 0.564 (ìyẹn 2 × 0.282) pín in, ẹ ó rí 0.273; igun náà jẹ́ 15.8°. Bí èsì láti yàrá àyẹ̀wò bá ní 31.7°, ẹ má mikàn, 2θ, ìyẹn ìlọ́po méjì igun náà, ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀.

Lójú tèmi, àṣìṣe yín ṣì sàn, nítorí pé ó pariwo. Ká ní ẹ fi 0.154 sí ipò λ, tí ẹ sì fi 2.82 sí ipò d ni, wẹ́rẹ́ ni ẹ̀rọ náà ì bá gbé 1.6° fún yín, ẹ ó sì gbà á bí òótọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ máa kọ ìwọ̀n sí ẹ̀gbẹ́ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Ìbéèrè: Mo kọ ipò àwọn átọ́ọ̀mù sínú fáìlì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ńṣe ni gbogbo wọn rọ́ lu ara wọn.

Ìdáhùn: Å ni ọ̀pọ̀ irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ń retí, nánómítà ni ẹ kọ sí i. Kábọ́ọ̀nù méjì tí ìsopọ̀ kan ṣoṣo dè pọ̀ máa ń jìnnà síra ní 1.54 Å, tiyín wá di 0.154 Å, bẹ́ẹ̀ sì ni háídírójìn méjì tó so pọ̀, tí wọ́n kéré jù lọ, fi 0.74 Å jìnnà síra. Ẹ fi 10 sọ gbogbo nọ́ńbà náà di púpọ̀.

Ìbéèrè: Ìwé àtijọ́ kan pe ìmọ́lẹ̀ sódíọ̀mù ní 5890, ìwé tuntun pè é ní 589. Èwo ni kí n gbà?

Ìdáhùn: Àwọn méjèèjì tọ̀nà: Å ni ti àkọ́kọ́, nánómítà ni ti èkejì. Anders Ångström, ará Sweden, ló to àwọn ìlà inú ìmọ́lẹ̀ oòrùn lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré yìí ní 1868, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi pè é. Bí ẹ bá ń da irú ìwé bẹ́ẹ̀ kọ, ẹ ṣọ́ òrùka kékeré orí Å náà, nítorí pé tó bá já bọ́, A tó ṣẹ́ kù jẹ́ àmì ìwọ̀n iná mànàmáná.