Bí mo ṣe fi ìlù Boys' Brigade bá ẹsẹ̀ Dádì mi sọ̀rọ̀

Orin tí Dádì mi fẹ́ràn jù láyé ló kọ́kọ́ fẹ́ẹ̀ gbé wọn ṣubú o. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ bá ní ẹni tí àìsàn Parkinson ń ṣe nílé, ẹ má ṣe bíi tèmi.

Ó ti tó ọdún 4 tí dókítà ti sọ fún wa pé Parkinson ni. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n yẹn ò tiẹ̀ dà mí láàmú tó ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Wọ́n á dìde lórí àga, wọ́n á máa wọ́ sílípáàsì nílẹ̀ wọ́ọ̀ wọ́ọ̀, tí wọ́n bá ti wá dé ẹnu ọ̀nà báàlùwẹ̀ báyìí, ó tán, ẹsẹ̀ méjèèjì á lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, àyà ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ ò tẹ̀lé e. Mọ́mì á ní "Bàbá Kẹ́mi, ẹ gbẹ́sẹ̀ jàre", Dádì á ní "Ṣó o rò pé mi ò fẹ́ gbé e ni?"

Físíò (ẹni tó ń fi ìdárayá tọ́jú aláìsàn) tó ń tọ́jú wọn ló ní ká fi orin gbìyànjú ẹ̀. Ó ní ibì kan wà nínú ọpọlọ tó máa ń bá wa pín ìrìn lọ́gbọọgba láìjẹ́ pé a mọ̀, ibẹ̀ ni Parkinson ń bà jẹ́ torí pé dopamine, kẹ́míkà tí ọpọlọ fi ń darí bí ara ṣe ń rìn, ti dín kù, pé tí ìlù bá wá láti ìta, tí etí gbà á, ẹsẹ̀ á rí nǹkan tẹ̀lé. Mo lọ kà nípa ẹ̀, mo rí i pé ní 1996 Michael Thaut, onímọ̀ nípa orin àti ọpọlọ, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Colorado, ní Amẹ́ríkà, fún àwọn kan tó ní Parkinson ní orin tí wọ́n á máa fi rìn ní 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 3, nílé ara wọn o, ìyára ìrìn wọn sì fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. "Nílé ara wọn" yẹn ló wọ̀ mí lára.

Ni mo bá sáré to orin jùjú sórí fóònù. Háà! Bí gángan ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kì èèyàn báyìí, Dádì dúró kí wọ́n lè gbọ́ ohun tó ń sọ, wọ́n nawọ́ sókè bí ẹni tó fẹ́ lẹ owó mọ́ onílù níwájú, ara ti ń lọ sẹ́yìn. Ọpẹ́lọpẹ́ pé mo di bẹ́líìtì wọn mú. Nígbà tí mo sọ fún físíò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "Ìgbésẹ̀ mélòó ni wọ́n ń gbé ní ìṣẹ́jú kan?" Mi ò kà á.

Òun ló yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe. Lọ́jọ́ kejì mo jẹ́ kí oògùn wọlára dáadáa (ká tó jẹ mọ́íńmọ́íń o, torí ẹ̀wà, ẹran àti ẹyin lè dí levodopa, ìyẹn oògùn Parkinson yẹn, lọ́wọ́), mo ní kí wọ́n rìn ní kọ́ridọ̀ bí wọ́n ṣe ń rìn, mo ń ka gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kanlẹ̀. 88 ní ìṣẹ́jú kan. Mo wa àpù tó kàn ń dún kọ́, kọ́, kọ́, mo fi sí 88, ọjọ́ 2 nìyẹn, ó sú gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà mo gbé e sí 92. Mo wá ṣe ojúkòkòrò, mo gbé e dé 97, ẹsẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ṣín-ṣín-ṣín, mo yáa dá a padà.

Orin wá kù. Fújì ti yára jù, ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ sì pọ̀, Dádì á fẹ́ gbè é. Mọ́mì ló rántí pé Boys' Brigade ni wọ́n ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà èwe. Mo rí ìlù máàṣì kan, mo fi àpù dín ìyára ẹ̀ kù sí 92. Bó ṣe dún gbì, gbì, Dádì na ẹ̀yìn fúnra wọn! "Lẹ́fì! Ráìtì!" Mi ò gbọ́ wọ́ọ̀ wọ́ọ̀ mọ́, gìgísẹ̀ ni mò ń gbọ́, kò, kò, lórí táìsì.

Ìlù á ti máa dún kí wọ́n tó dìde. Wọ́n á kọ́kọ́ fì sọ́tùn-ún fì sósì ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí ẹsẹ̀ tó lọ. Tí wọ́n bá fẹ́ yí padà, wọ́n á ya gbàgede, wọn ò ní yí lójú kan. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ bá wọn sọ̀rọ̀, mo sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Bátìrì spíkà kú lójú ọ̀nà lọ́jọ́ kan, Mọ́mì mú orógùn, ó ń lu ìkòkò, ìrìn ò dúró.

Lóru àná, mo dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ti dé ẹnu ọ̀nà báàlùwẹ̀, Mọ́mì dì wọ́n mú. Kò sí spíkà, kò sí ìkòkò. Wọ́n ń fì sọ́tùn-ún, wọ́n ń fì sósì, wọ́n ń pè é jẹ́jẹ́ lẹ́nu, "lẹ́fì, ráìtì, lẹ́fì", wọ́n sì wọlé.